Alùpùpù Tí Bàbá Àgbà Fi Ọwọ́ Wọ̀n

Ní ilé wa ní Kodjoviakopé, ní Lomé, ìró ìgbálẹ̀ lórí yanrìn ló máa ń jí mi, kì í ṣe àkùkọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá mi á ti gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ìlà ìgbálẹ̀ á sì hàn lórí yanrìn bí aporo oko. Lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo bodè á bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó á máa pe èrò tó ń bọ̀ láti Aflao ní ìhà Ghana, àwọn obìnrin ẹlẹ́rù á máa du zémi, ìyẹn alùpùpù tó ń gbé èrò, mọ́ ara wọn lọ́wọ́, òkun á sì máa hó lábẹ́ gbogbo rẹ̀ bí ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi ń din iṣu tà níwájú ilé. Koliko ni wọ́n ń pè é ní Lomé. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí apá àríwá, a kì í rí wọn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóṣù. Nítorí náà, Bàbá Àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, ni olórí ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá nígbà tí agbára ṣì wà, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ru ẹrù ní èbúté kí wọ́n tó jókòó sílé.

Bàbá Àgbà kì í fi ojú yan nǹkan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yàn án. Ìbáà ṣe ìkòkò, ìbáà ṣe bàtà, ìwé ẹ̀kọ́ mi pàápàá, wọ́n á gbé e sókè, wọn á wá sọ bóyá ó dára. Bí ìyá mi bá gbé ákúmè, òkèlè àgbàdo wa, síwájú wọn, wọ́n á kọ́kọ́ gbé àwo náà wò, wọ́n á ní, "Ìyá Ṣadé, ti àná ju èyí lọ." Òtítọ́ ni yóò sì jẹ́. "Ohun tó bá fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló ni ín," ni wọ́n máa ń wí, mo sì dàgbà di ẹni tó ń fura sí ohunkóhun tó bá rọrùn láti gbé. Òfin kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ohun tí Bàbá Àgbà bá ti gbé wò, tí wọ́n sì ní ó dára, a kì í dá a padà. Ìyá mi ní abọ́ irin ńlá kan tó ti ń jò láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Iyọ̀ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀, torí pé Bàbá Àgbà ló yàn án.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ṣadé, jáde ilé ìwé, tó sì rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní èbúté, níbi tí wọ́n ti ń bá oníṣòwò gba ẹrù lọ́wọ́ dùwáànì, ìyẹn kọ́sítọ́ọ̀mù. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé ẹrù kí wọ́n tó ṣí i, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìwé sílẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ ń kọ́kọ́ jáde. Ìdí ìlú níhà ìwọ̀ oòrùn ni ilé wa wà, èbúté wà lódìkejì pátápátá. Àwọn oní-zémi bodè ò sì fẹ́ràn ọmọbìnrin tó gbé kìkì báàgì lọ́wọ́ ní kùtù hàì. Obìnrin ẹlẹ́rù ni wọ́n ń wá, torí àwọn ló ń san owó jù. Ṣadé pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kìlọ̀ fún un. Ó pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gá rẹ̀ pè é wọlé. Nígbà tí mo lọ bá a lóṣù tó kọjá láti bi í ní ọ̀rọ̀ ọdún yẹn, kò gbàgbé ẹyọ kan nínú ohun tí ọkùnrin náà sọ: "Mademoiselle, lọ́jọ́ Ajé, bí géètì bá ṣí tí mi ò rí ẹ, má wulẹ̀ wọlé mọ́." Ọjọ́rú ni wọ́n sọ ọ́. Ó sọ fún mi pé òun ò sunkún. Ó ní òun ka ọjọ́ tó kù lórí ìka, ó sì kù díẹ̀.

Nídìí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí wọ́n ra alùpùpù fún Ṣadé. Ìyá mi tú owó tí wọ́n ń kó jọ fún páànù òrùlé, Bàbá Àgbà fi tiwọn kún un. Kò tó ra tuntun, àlòkù ni yóò jẹ́. Ṣadé ti fi ti aládùúgbò kan kọ́ gígùn fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta létí òkun. Ìwọ̀nba ohun tó mọ̀ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n jẹ́ kó kéré. Bàbá Àgbà gbé ife omi wọn wò kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní ọkọ̀ àjàgbé ló ń bẹ lójú ọ̀nà èbúté, àwọn sì mọ̀ wọ́n. Ohun tó bá fúyẹ́ níbẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹ bọ́ sí kòtò. Lójú tèmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n wá tó bẹ́ẹ̀. Ṣadé ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, kò lè bá wọn lọ sọ́jà. Bí ó ṣe di pé àwọn tí kò wa alùpùpù rí ni wọ́n lọ ra alùpùpù nìyẹn.

Mo tẹ̀lé ìyá mi àti Bàbá Àgbà lọ sí Hédzranawoé, torí kò sí ilé ìwé. Ọjà yẹn ni Lomé ti ń ra ohun tó ti sú àwọn òyìnbó: bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kù mẹ́ta. Ọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Fofo Kossi, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n Kossi ní Mina, èdè ọjà Lomé, ló ń ta alùpùpù nínú ọgbà kan lẹ́yìn àwọn oníbẹ́ẹ̀dì. Ó tò wọ́n bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ kọrin àárọ̀. Bàbá Àgbà ò wo ẹ́ńjìnì, wọn ò wo táyà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní, wọ́n di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n bọ́ sí ìkejì. Kékeré aláwọ̀ ewé kan wà láàárín. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi gbé ìyẹn, wọ́n sì wo ìyá mi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ. "Èyí ò tó ẹrù," ni wọ́n wí. Èyí tó gbẹ̀yìn dúdú, ó tóbi, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbé e, iṣan ọrùn wọn yọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun la rà.

Irun Fofo Kossi ti funfun báyìí, ṣùgbọ́n ọgbà náà ló ṣì wà. Mo bi í bóyá ó rántí. Ó rẹ́rìn-ín kí n tó sọ̀rọ̀ tán. "Bàbá yín ò bi mí bóyá moto ń ṣiṣẹ́," ó ní, moto ni wọ́n ń pe alùpùpù ní Lomé. "Ó kàn ń gbé wọn sókè ṣáá. Mo rò pé orí ló fẹ́ fi rù ú relé." Ó ní òun bèèrè ta ni yóò gùn ún, Bàbá Àgbà ní ọmọ ọmọ àwọn ni, òun bèèrè bóyá ó lágbára, wọ́n ní kò sí ọ̀lẹ nínú ìran àwọn. Òun lọ gbé ìwé rẹ̀ wá, torí ọlọ́jà kì í bá ẹni tó fẹ́ rajà jiyàn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Bàbá Àgbà pẹ̀lú: wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò fínnífínní. Wọ́n mọ òǹtẹ̀ dùwáànì bí àwọn ìyá ìjọ ṣe mọ orin, wọ́n sì fi nọ́ńbà orí ìwé wé ti ara irin, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìyá mi tó tú owó. Nígbà tí wọ́n tú u tán, kò sí èyí tí a ó fi ra àṣíborí. Ẹnìkan nínú ọgbà gùn ún wá sílé fún wa.

Nígbà tí Ṣadé dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ó yí alùpùpù náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Àgbà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Nígbà tó gorí rẹ̀, orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ló fi kan ilẹ̀. Àdúgbò wa ò ní ọ̀dà, yanrìn ni láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé títì ńlá, yanrìn tó ń mu ènìyàn dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò tí ì rìn ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ tí nǹkan náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Kò ṣubú bí ohun tó ń ṣubú. Ó rọra dùbúlẹ̀ bí màlúù tó rẹ̀, Ṣadé sì dùbúlẹ̀ tì í. Ẹni mẹ́ta ló gbé e dìde: télọ̀ òdìkejì ọ̀nà, ọkùnrin kan tó ń ṣẹ́ owó tí kò gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, àti ìyá mi tòun ti òróró lọ́wọ́. Ó tún gùn ún, ó tún dùbúlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin kan tó wá ra koliko bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá gígùn ló ń gun nǹkan náà àbí ìjàkadì ni wọ́n jọ ń jà, gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà wà nínú yàrá, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Mo gbọ́ tí wọ́n dín ohùn rédíò náà kù. Ohùn wọn jáde láti ojú fèrèsé pé á mọ́ ọn lára.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ìyá mi se ìrẹsì. Ṣadé ò jẹun. Orúnkún rẹ̀ ti bó, ọ̀la sì ni ọjọ́ Ajé. Nínú ilé ìdáná, mo gbọ́ tí ìyá mi ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: kó má sọ fún Bàbá Àgbà pé ohun tí wọ́n yàn ò dára, kó kúkú jí ní kùtù, kó tì í dé títì, kó gùn ún láti ibẹ̀. Ṣadé ní bó bá ṣubú níwájú ọkọ̀ àjàgbé ńkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ síta, ó fa alùpùpù náà kúrò lára ògiri, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ sórí yanrìn. Ó wá lọ kúnlẹ̀ lẹ́bàá àga Bàbá Àgbà.

"Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde hàn mí. Bó bá ṣubú lọ́la, èmi nìkan ni n ó wà níbẹ̀."

Mo ti ṣiṣẹ́ oníròyìn pẹ́, mo ti gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta múra sílẹ̀ fún. Mi ò tí ì gbọ́ èyí tó dára tó ìyẹn. Kò sí àrífín kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà sá fún un. Bàbá Àgbà dìde. Wọ́n ká apá agbádá ìsìn wọn sókè, wọ́n tẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di orí rẹ̀ mú, ọwọ́ kejì di ìdí, gẹ́gẹ́ bí alábàárù ṣe máa ń gbé àpò. Ó kúrò nílẹ̀. Ó dé ìwọ̀n orúnkún wọn. Níbẹ̀ ni yanrìn ti fa táyà ìsàlẹ̀ sínú, nǹkan náà ò sì gòkè mọ́. Kò sí ẹni tó sún mọ́ wọn, torí ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́ ti sọ nìyẹn pé ohun tí wọ́n yàn ò dára. Wọ́n dì í mú bẹ́ẹ̀, mo sì ń gbọ́ èémí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra dá a padà sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí dígí rẹ̀ má bàa fọ́. Wọ́n jókòó sórí odó. Wọ́n bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣubú lánàá. Ṣadé ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n bi í pé ta ló ń bá a gbé e. Ó dárúkọ gbogbo wọn.

"Èmi ni mo ṣì í yàn," ni Bàbá Àgbà wí. "Tólú, gbé bàtà mi wá."

Ìyá mi ṣì ń sọ ọ́ dòní pé àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Èmi náà ò mọ ìwọ̀n rẹ̀ nígbà náà. Bàtà ni mo sáré lọ gbé. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ni mo tó mọ bó ti ṣọ̀wọ́n tó. Mo ti jókòó níwájú àwọn ọ̀gá tó wọ kóòtù, tí wọ́n ń sọ fún mi pé "àṣìṣe kan wáyé," bí ẹni pé àṣìṣe náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tó sì jókòó. Bí mo bá ti gbọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, odó yẹn ni mò ń rántí, àti bàbá arúgbó tó fi "èmi" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Fofo Kossi ń jẹun lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ nígbà tí a dé. Télọ̀ wa ló bá wa gun alùpùpù náà wá, èmi, Ṣadé àti Bàbá Àgbà tẹ̀lé e lórí zémi méjì. Ọlọ́jà náà rí wa, ó sì ti ń mi orí kí a tó sọ̀ kalẹ̀, torí ohun tó bá ti jáde nínú ọgbà rẹ̀ kì í padà. Bàbá Àgbà yọ fìlà wọn. Wọ́n sọ ọ́ fún un ní Mina pé ẹ́ńjìnì dára, ìwé dára, kò sí ohun tó ṣe moto. Àwọn ni àwọn rà á fún ara àwọn, dípò kí àwọn rà á fún ọmọ tí yóò gùn ún. Fofo Kossi fọwọ́. Mo bi í lóṣù tó kọjá ìdí tó fi gbà. Ó ní, "Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dá moto padà ló máa ń ní ẹ́ńjìnì ò dára. Òun nìkan ló ti ń yìn ín fún mi. Kí ni mo fẹ́ bá a jà sí?"

Lọ́jọ́ yẹn, ó nawọ́ sí ìlà alùpùpù rẹ̀, ó ní kí Ṣadé fúnra rẹ̀ yàn. Bàbá Àgbà kó ọwọ́ wọn méjèèjì sẹ́yìn. Ṣadé lọ tààrà sídìí èyí aláwọ̀ ewé. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ó tutù, kò sí ẹni tó ti ṣáná sí i kí a tó dé láti fi bo àbùkù rẹ̀. Ó gùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Ó fún bíréèkì iwájú, ó fún ti ẹ̀yìn, ó tì í síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ẹ sórí yanrìn ọgbà, tí Fofo Kossi sì pariwo orúkọ Jésù ní Mina, torí kò sí oníbàárà tó dán irú rẹ̀ wò lójú rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi yí ẹ̀yìn sí i, ó tẹ orúnkún, ó fi ìdí gbé e. Ó dìde. Ó tún tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó tún gbé e. Ìgbà yẹn ló tó fi ẹsẹ̀ ta á, ó ta á lẹ́ẹ̀kejì kó tó dáhùn, èéfín búlúù díẹ̀ jáde. Ọlọ́jà náà ní púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ níwájú wa. Ti dúdú wọ́n ju ti aláwọ̀ ewé lọ, kò sì fẹ́ dá owó padà lọ́jọ́ Àìkú. Ó fi àṣíborí méjì dí i, ó fi tíúùbù kan kún un, pẹ̀lú ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́. Ìyá mi sọ lẹ́yìn náà pé èrè yẹn dára ju owó lọ, torí owó ì bá ti di páànù.

Bàbá Àgbà wo ẹsẹ̀ Ṣadé nílẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó balẹ̀. Ó ní ó balẹ̀. Wọ́n mú nọ́ńbà ìwé wé ti irin, a sì lọ. Ṣadé ló ṣáájú, èmi àti Bàbá Àgbà wà lórí zémi lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún oní-zémi náà pé kò gbọdọ̀ ya ọmọ yẹn sílẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ títí. Ó ní ewúrẹ́ ti yà wá sílẹ̀, ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń rí òun. Bàbá Àgbà ní kó máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní etí òkun, Ṣadé fún un ní iná díẹ̀, aṣọ rẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí i pé kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, iwájú ló ń wò. Ó wọ yanrìn àdúgbò wa. Ó fì. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta ilẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ̀, ó sì gùn ún wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òkùnkùn ò tí ì ká tán tí Ṣadé fi lọ. Ìyá mi di koliko sínú ìwé fún un, wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí àṣíborí gbàdúrà, wọ́n sì dúró lójú ọ̀nà títí ìró ẹ́ńjìnì kékeré náà fi wọnú ìró òkun. Nígbà tí wọ́n wá gbé omi gbígbóná lọ fún Bàbá Àgbà, ẹní wọn ṣófo, fìlà wọn ò sí lórí ìṣó. Èmi àti ìyá mi wá wọn dé bodè. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó, ọ̀kan ní òun rí i tí wọ́n gun zémi kí ẹnikẹ́ni tó jí. A padà sílé. Ìyá mi fi iṣu sínú òróró, wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó jóná. Ṣadé ò mọ nǹkan kan nínú èyí títí mo fi sọ fún un lóṣù tó kọjá. Ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni tí òun mọ̀ lójú ọ̀nà, àfi ọ̀pọ̀ awakọ̀ àjàgbé tí wọ́n dúró ti ọkọ̀ wọn ní oríta èbúté.

Oòrùn ti yọ nígbà tí Bàbá Àgbà wọlé. Eruku ọkọ̀ àjàgbé oríta èbúté ti sọ fìlà wọn di pupa. Wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí a gbé ògì wá. Ìyá mi gbé e wá, wọn ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Bàbá Àgbà mu ún díẹ̀ kí wọ́n tó gbójú sókè.

"Ó ti débẹ̀," ni wọ́n wí. "Wọn ò tí ì ṣí géètì."